Àṣíborí Ayaba Ìràwọ̀

Télọ̀ ni ó ṣẹ̀ mí jù lọ. N kò ní dárúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àpòmù títí di òní, wọ́n sì máa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Télọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀, Télọ̀ náà ni n óò máa pè é níbí. Àwọn mìíràn náà ṣẹ̀ mí. Ọ̀gá àwọn òṣèré ṣẹ̀ mí, ìyàwó rẹ̀ àgbà fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n èmi àti àwọn yẹn kò jọ jẹun nínú abọ́ kan rí. Télọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Òun ni ó gba ojú mi, tí ó sì fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, lójú gbogbo Ìkirè, lójú gbogbo Àpòmù, àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé èmi ni Ayaba Ìràwọ̀, pé òun gba ipò náà lọ́wọ́ mi ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìbàdàn ni a ti ń retí owó oṣù olùkọ́. Bí ó bá wá, a ó dúpẹ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpòmù ni mo ti ń kọ́ni. Ìkirè ni mo ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi fi mí sí kí ó tó kú. Ìsọ̀ Télọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́. Opó ni mí, dálémoṣú ni òun. Kò sí ọkùnrin tó ń retí èyíkéyìí nínú wa nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, mo máa ń ra dòdò dúdú tí wọ́n fi ewé dì, a ó jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, epo a sì máa kán sí ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì.

Ìwọ̀n ara wa kan náà ni. Èjìká wa, ìbàdí wa, gígùn wa, kò sí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Nítorí èyí, Télọ̀ kò fi téèpù wọ̀n mí rí. Bí ó bá rán aṣọ mi tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e wọ̀. Yóò yí síwá, yóò yí sẹ́yìn níwájú dígí, yóò wá ní, “Ó ti bá ọ mu.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí a fi ń dá wa mọ̀ yàtọ̀ ni pé ó ní èjí, èmi kò ní. Ọlọ́run tó pín eyín ló mọ ìdí tó fi pín in bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yìí ní ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kan ní Ìkirè. Ó ti fi bọ́ọ̀sì tó ti gbó kó eré rẹ̀ kiri láti Ifẹ̀ dé Ìlọrin, ṣùgbọ́n fídíò ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn nígbà náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sanwó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú gbọ̀ngàn mọ́. Ó wá sí ilé ìwé wa, ó ní òun ń wá ẹni tó mọ ìwé tí yóò bá òun kọ eré tuntun tí òun fẹ́ fi kámẹ́rà yà. Wọ́n pè mí jáde láti kíláàsì.

“Tíṣà,” ó ní, “ta ló ń gbé nínú ìràwọ̀?”

“Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, Ọ̀gá. Iná ni.”

“Ẹni tó bá ń gbé nínú iná, ṣé kò ní dùn ún wò ni?”

Bí eré Ayaba Ìràwọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti wo fíìmù òyìnbó kan nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàrin ìràwọ̀, ó sì ń bí i nínú pé kò sí Yorùbá kankan nínú ọkọ̀ náà. Èmi ni mo kọ ìtàn rẹ̀. Omi gbẹ ní ìràwọ̀ kan. Obìnrin tó ń jọba níbẹ̀ gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá tọrọ omi lọ́wọ́ ọmọ aráyé, ó sì bá àgbẹ̀ kan pàdé létí odò. Ọ̀gá ni àgbẹ̀ náà. Mo sọ fún un pé Ọbabìnrin ló yẹ kí á máa pe obìnrin náà, nítorí òun ló ń jọba, kò sì ní ọkọ. Ó ní rárá, Ayaba ló dùn lẹ́nu. Ta ni yóò ra kásẹ́ẹ̀tì obìnrin tí kò sí lábẹ́ ọba kankan? Ó yẹ kí n ti mọ irú ọkùnrin tó jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Kò rí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ Ayaba bí mo ṣe kọ ọ́. Àwọn ìyàwó rẹ̀ dán an wò, ẹ̀rín ló ń pa wọ́n. Ni ó bá ní kí n ṣe é fúnra mi. Èmi náà ni mo dá èdè ìràwọ̀ sílẹ̀. Mo mú a, b, d tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, mo kà á láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ohùn tó ń ròkè tó ń rodò sí i, bí ẹni tó ń dárò lábẹ́ omi. “Yí wí ú tí” ni Ayaba fi ń kí ènìyàn. Kò ní ìtumọ̀ kankan, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ara mi gan-an a máa bù máṣọ.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà kan ní Àpòmù fi páànù àti ilẹ̀kùn fìríìjì kan ọkọ̀ ìràwọ̀ fún wa. Àṣíborí tí ẹni tó ń gun alùpùpù máa ń dé ni wọ́n kùn ní ọ̀dà fàdákà fún orí Ayaba, wọ́n lẹ agolo mílíìkì mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí Ọ̀gá ní òun kò mọ ẹni tí yóò rán aṣọ rẹ̀, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé mo ní ọ̀rẹ́ kan. Mo mú Télọ̀ lọ. Ó rán aṣọ fàdákà náà, ó sì gbé e wọ̀ níwájú dígí bí ó ti máa ń ṣe. Àṣíborí ń ha mí létí, nítorí náà mo fún un ní àrán pupa tí ọkọ mi rà fún mi nígbà ìgbéyàwó, ó gé e, ó fi tẹ́ inú àṣíborí náà. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí a bá ti ń yàwòrán, Télọ̀ ni yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú àkísà kékeré kan. Bí wọ́n bá ti ní kí á sinmi, yóò gba àṣíborí lórí mi, yóò nu òógùn inú rẹ̀, yóò sì dì í mú títí wọn yóò fi pè mí padà.

Apá kìn-ín-ní tà. Apá kejì tà jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ kò lè mọ bí ó ṣe rí. Awakọ̀ kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi láti Ìkirè dé Àpòmù. Àwọn obìnrin Ìkirè-Ilé tó ń ru ẹ̀gẹ́ wá sọ́jà a sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè wo ojú mi dáadáa. Ní ilé ìwé, tí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ kì í kí mi ní Yorùbá mọ́. “Yí wí ú tí, Ayaba!” ni gbogbo wọn ń pariwo. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n dá wọn lẹ́kun. N kò dá wọn lẹ́kun. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, “ìyá opó” ni wọ́n ń pè mí. Ṣé ẹni tí wọ́n sọ di Ayaba ni yóò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dẹ́kun?

Ọ̀gá ra bọ́ọ̀sì mìíràn, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Ó kó àpò ìrẹsì àti àǹkárá wá láti Ìbàdàn, ó pín in fún gbogbo àwa obìnrin, wọ́n sì ń súre fún un. Èmi náà gba ti èmi. Lẹ́yìn náà mo lọ bá a nílé rẹ̀, níbi tó jókòó sí láàrin agboolé tí ìyàwó rẹ̀ àgbà ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

“Ọ̀gá, ẹ kú oríire ọkọ̀ o.”

“A dúpẹ́, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ni ín.”

“Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ín, ẹ jẹ́ kí á sọ iye tí ẹ ó máa san fún mi kí á tó ya apá kẹta.”

Ó wò mí bí ẹni pé èdè ìràwọ̀ ni mo sọ sí i.

“Owó kẹ̀?”

“Ẹ̀ ń sanwó fún ẹni tó ń gbé kámẹ́rà. Ẹ̀ ń sanwó fún àwọn ọkùnrin tó ń gbé ìbọn onípáànù kọ́rùn. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ yá, ẹ san owó rẹ̀. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ju Ayaba lọ ni?”

Ìyáálé kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìrẹsì rẹ̀. “Tíṣà, jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ ẹ̀bà o!” Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. “Àwa tí a ti ń bá wọn ṣeré látìgbà tí ẹ̀yin ṣì ń ru síléètì lọ síléèwé, ta ló sanwó fún wa rí? Inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹ.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ìyàwó Ọ̀gá ni yín. Èmi kì í ṣe ìyàwó Ọ̀gá.”

“Hẹn-ẹn,” ni Ọ̀gá wí, ó sì fọwọ́ lu orúnkún. “Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Tíṣà ti sọ ọ́.”

Mo padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Mo sọ fún Télọ̀ pé Ọ̀gá ti gbà.

Ẹni tí kò bá mọ bí àwọn olórí eré ìgbà náà ṣe ń ṣe kò ní mọ ohun tí ó gbà. Bí obìnrin bá mọ eré ṣe, olórí ẹgbẹ́ yóò fẹ́ ẹ. Ìfẹ́ lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí, iṣẹ́ ni. Ìyàwó kì í gba owó oṣù, ìyàwó kì í sì í kó ẹrù lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn. Nínú gbogbo obìnrin tó ń ṣeré fún Ọ̀gá, èmi nìkan ni kì í sùn nínú agboolé rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìyáálé fi wá bá mi nílé, ó wọ aṣọ tó dára, ó gbé obì àti orógbó sínú àwo.

“Ọkọ wa ní kí n wá bá yín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó yẹn ti yanjú.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Èló ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?”

“Ẹ ò gbọ́ mi ni. Wọ́n ní kí ẹ kó ẹrù yín wálé.”

Mo dá obì àti orógbó padà. Mo ní kí ó bá mi sọ fún Ọ̀gá pé owó ni mo béèrè, n kò béèrè ọkọ. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Télọ̀, mo rò pé a ó jọ rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rán ọrùn aṣọ kan lọ.

“Kí ló burú níbẹ̀?” ni ó wí.

“Ṣé kí n lọ di ìyàwó kékeré, kí n máa bá Ìyáálé ṣa ìrẹsì, nítorí eré?”

“Àwọn tó wà ńbẹ̀, ṣé wọ́n kú ni?” Ó tẹ orí ba aṣọ náà, ó fi eyín já òwú. “Ayaba ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn yà lọ́nà. Télọ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà.”

Mo rò pé èmi ni ó ń tù nínú.

Ẹ̀bá omi Aṣejire ni a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kẹta. Ọyẹ́ ti mú, omi ti fà, ilẹ̀ etídò sì ti sán bí ẹsẹ̀ arúgbó, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ pé ìlú Ayaba rí. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ onípáànù kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti wọ fàdákà. Télọ̀ ti dé mi ní àṣíborí láti wò ó bóyá irun mi gbà á; aṣọ Ayaba ṣì wà lápá rẹ̀, n kò tíì wọ̀ ọ́. Mo bọ́ síwájú Ọ̀gá, mo ní lójú gbogbo ènìyàn pé n kò ní wọ aṣọ náà títí a ó fi sọ iye owó.

“Tíṣà, oòrùn ń lọ,” ó ní. “Kámẹ́rà ò mọ̀ pé à ń jà.”

“Ẹ jẹ́ kí oòrùn máa lọ. Ẹ rántí pé mo ti fi ojú mi hàn ní apá kìn-ín-ní àti apá kejì. Ta ni yóò tún rí ojú mi yá yín?”

Àwọn ọkùnrin tó ti gba owó tiwọn ń wo ilẹ̀. Ìyáálé ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Mo ṣí àṣíborí lórí, mo gbé e lé Télọ̀ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń gbé e lé e lọ́wọ́.

“Bá mi di èyí mú,” ni mo wí. “Mò ń bọ̀.”

Mo gòkè lọ sójú títì, mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìkirè. Mo mọ̀ pé wọn yóò wá mi wá. Mo wẹ̀, mo fi pọ́ńdà sójú, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti lè rí títì. Mo ti ro ohun tí n óò sọ fún Ọ̀gá nígbà tí ó bá fi bọ́ọ̀sì tuntun náà wá bẹ̀ mí. Mo ti ro bí n óò ṣe jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dúró lórí ìdúró díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ń lọ, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà. Wọ́n ń kọrin nínú rẹ̀. Kò dúró. Bí ó ti ń kọjá ilé mi, mo rí apá fàdákà kan lójú fèrèsé, tí ó na ọwọ́ jáde sínú afẹ́fẹ́.

Ẹni tí a gbé ọmọ lé lọ́wọ́ kì í sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọmọdé mọ èyí. Télọ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó ṣí i, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Kí ni mo gbọ́ pé o ṣe?”

“Oòrùn ń lọ,” ni ó wí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá gan-an ni ó gbà lẹ́nu. “Wọ́n ní kí n kàn dúró níbẹ̀ kí wọ́n fi mọ ibi tí kámẹ́rà máa wò. Mo dúró. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ, bóyá yóò dáa. Aṣọ gbà mí. Wọ́n ní kí n dé àṣíborí. Mo dé e.”

“O sì sọ èdè mi.”

“Ìwọ náà! Ta ni kò mọ̀ ọ́n sọ ní Àpòmù?”

N kò tún gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀gá kí ọyẹ́ tó lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní alihamudulilai, ọmọ àwọn ti rí ilé padà sí. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo ní ara mi kò yá.

Mo sanwó lọ wo apá kẹta nínú ilé ìwòran kan ní Ìkirè, níbi tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn lé orí tábìlì gíga. Mo fẹ́ rí bí Ọ̀gá yóò ṣe bo ìtìjú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ Ayaba kọjá láàrin iná nígbà tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn fìríìjì ṣí, èéfín jáde, obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ fàdákà, ó gba àṣíborí lórí, Télọ̀ ni. Ẹnìkan lẹ́yìn pariwo pé, “Èyí kọ́ o!” Inú mi dùn débi tí mo fẹ́ dìde. Nígbà náà ni Ọ̀gá, tó jẹ́ àgbẹ̀, súnmọ́ ọn nínú fídíò, ó wò ó tìyanu-tìyanu, ó kọjú sí wa, ó ní:

“Ojú ló yí, Ayaba kò yí. Bí ejò bá bọ́ awọ, ṣé ó ti di aláǹgbá ni?”

Ilé náà hó yè. Wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì. Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, kámẹ́rà sì lọ bá èjí rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó kọ̀ kò kúrò. “Yí wí ú tí,” ni ó wí, wọ́n sì dá a lóhùn.

Obìnrin tó jókòó tì mí fìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi. “Ẹ wò ó, èyí tilẹ̀ rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ mi nínú ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn. Mo dúró kí ó mọ̀ mí. “Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní, “ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò ní Àpòmù?”

Apá kẹrin jáde, apá karùn-ún jáde. Mo sanwó wo gbogbo rẹ̀, èmi tí mo béèrè owó tí wọn kò fún mi. Mo mọ gbogbo ibi tí Télọ̀ ti ṣi èdè náà sọ. Mo mọ ibi tó ti yẹ kí Ayaba dúró gbọnin-gbọnin tí òun fi ìdí jó bí ẹni tó ń lọ kí àna. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, wọn a ní, “Ẹ jẹ́ kó lọ, Tíṣà, eré ni.” Àwọn awakọ̀ ti ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ Àpòmù, mo rí àwọn ènìyàn tó ṣù jọ, mo rò pé ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Télọ̀ ni ó ń ra ọsàn. Awọ ara rẹ̀ ń dán. Àwọn obìnrin Ìkirè-Ilé ti sọ ẹ̀gẹ́ wọn kalẹ̀, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó rí mi lókè orí wọn. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ pè mí. Mo wọ ọkọ̀.

Nílé ìwé, àwọn ọmọ ṣì ń sọ “yí wí ú tí”, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ sí mọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ láàrin ara wọn. Mo na ọ̀kan nínú wọn nítorí ariwo.

Nígbà tí a ti di ará Ọ̀ṣun, tí orí mi ti ń funfun, apá tuntun kan jáde nínú eré náà, ojú Ayaba sì tún yí padà. Ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn ni, tín-ín-rín, tó ń gba imú sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ èdè ìràwọ̀ mi. Ejò tún ti bọ́ awọ. N kò mọ ìgbà tí mo kẹ́yìn jẹ dòdò kí ó tó di ọjọ́ náà. Mo ra púpọ̀, mo pín in fún gbogbo olùkọ́ ilé ìwé wa, wọ́n sì ń béèrè bóyá ọjọ́ ìbí mi ni.

Wọ́n ní Télọ̀ ti kó kúrò nílé Ọ̀gá, ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo wọ aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán fún mi, mo sì lọ síbẹ̀. Mo ń lọ gba ohun tó jẹ́ tèmi. Ẹni tí wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mọ bí ó ṣe ń rí lára. Kò ní lè sẹ́ mọ́.

Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni, tó ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Télọ̀ ti sanra, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Tíṣà,” ni ó wí. Ẹ ni ó fi kí mi, bí ẹni tó ń kí oníbàárà. Èyí dùn mí, n kò sì rò pé yóò dùn mí.

“Mo gbọ́ pé o ti kúrò nílé Ọ̀gá.”

“Mo béèrè owó,” ó ní.

Mo fẹ́ dákẹ́, n kò lè dákẹ́. “Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní ìyàwó kì í gbowó.” Ó rẹ́rìn-ín, èjí náà wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. “Mo ní kí wọ́n kọ̀ mí, kí wọ́n lè san án. Ìyáálé ní jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ ẹ̀bà.”

Ó kù díẹ̀ kí n bá a rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo gbójú sókè tí mo rí àṣíborí náà lórí pákó tó wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Fàdákà rẹ̀ ti ṣí, agolo kan ti já dànù, bọ́tìnnì àti kẹ̀kẹ́ òwú ni ó kó sínú rẹ̀. Àrán pupa ọkọ mi ṣì wà nínú rẹ̀, ó ti di dúdú níbi tí òógùn ti mu ún. Òógùn tèmi wà níbẹ̀, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

“Ọmọ Ìbàdàn yẹn kò fẹ́ ẹ,” ni Télọ̀ wí, nítorí ó rí ibi tí mo ń wò. “Ó ní ó ń ba irun òun jẹ́. Wọ́n jù ú sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo ń jáde, òun ni mo mú.”

“Tèmi ni.”

Ó tún tẹ orí ba ẹ̀rọ rẹ̀.

“Télọ̀, tèmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo dá èdè rẹ̀ sílẹ̀, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dé e fún. Èmi ni Ayaba. Sọ ọ́. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, pé o gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ó dìde. Ó da bọ́tìnnì àti kẹ̀kẹ́ òwú sórí tábìlì, ó wá àkísà kékeré kan, ó nu inú àṣíborí náà yípo, bí ó ti máa ń nù ún fún mi níbi tí a bá ti ń yàwòrán. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, ó sì wò mí lójú.

“O ní kí n bá ọ dì í mú, pé ò ń bọ̀,” ni ó wí. “Tíṣà, ibo lo gbà lọ láti ìjọ́ yẹn?”